Téèpù Aláàánú

Èmi ni mo fa téèpù náà gùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ fún ọ̀rọ̀, nítorí mo mọ ara mi: tí ẹ bá fún mi láyè díẹ̀, màá ní eku ló fà á. Kì í ṣe eku. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná nínú bókẹ́ẹ̀tì, mo so áyọ́ọ̀nù ńlá mọ́ ìdí rẹ̀, mo sì fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ohun tó jẹ́ íǹṣì méjìdínlógún níbi gbogbo láyé ti di mẹ́rìndínlógún nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wé e mọ́ ẹsẹ̀ ara mi lábẹ́ orúnkún, níbi tó ti tóbi jù, mo ka nọ́ńbà, inú mi sì dùn bíi ti ọmọdé tó jí ṣúgà lá. Àgbàlagbà ni mí nígbà yẹn o. Mo ti bímọ.

Aránṣọ ni mí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń rán aṣọ obìnrin nínú yàrá iwájú ilé mi, yàrá olófèrèsé kan tí maṣíìnì méjì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú dígí gígùn tó ti sán létí. Ẹ má rò pé aṣọ mi ń há mọ́ ènìyàn lára. Téèpù tí mo fi ń wọn ara ni mo tún fi ń wọn aṣọ tí mo bá fẹ́ gé, torí náà irọ́ bá irọ́ pàdé, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ara wọn yé. Obìnrin tí ìdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì márùndínláàádọ́ta á gbọ́ ogójì lẹ́nu mi. Á yíjú sí dígí, á gbé àyà sókè, á ní òun ti ń fura tẹ́lẹ̀ pé ara òun ti ń jò. Aṣọ á jáde, á bọ́ sí i lára wẹ́kú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kọjá níwájú aránṣọ mẹ́ta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní ọwọ́ mi tutù. Ọwọ́ mi kọ́. Téèpù aláàánú ni.

Irọ́ tí kò bá jáde nílé kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ tó bá yọjú síta ni.

Ẹsẹ̀ mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi tóbi, mi ò ní dọ́gbọ́n sí i. Láti orúnkún títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni. Ọrùn ẹsẹ̀ gan-an, orúkọ lásán ni, kò sí ọrùn kankan níbẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ Odó ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Tí a bá ń fò níbi eré, ọmọkùnrin kan báyìí á ké pé kí gbogbo èèyàn di nǹkan mú, Ẹlẹ́sẹ̀ Odó fẹ́ balẹ̀. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé tí èèyàn bá tètè bá wọn rẹ́rìn-ín, wọn ò ní rí omi tó wà lójú rẹ̀.

Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní kó wò ó bóyá jàkùtẹ̀ ni. Dókítà tẹ ẹsẹ̀ náà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ní kí n dìde kí n rìn, kí n padà. Ó ní kò sí àrùn kankan, bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Ó wá wolẹ̀ lábẹ́ àga tí ìyá mi jókòó sí, ó ní, "Ìyá, tiyín náà ńkọ́?" Ìyá mi fa aṣọ rẹ̀ bo ẹsẹ̀ wéré.

Nígbà tí mo lọ́kọ, mo máa ń kọ́kọ́ pa iná kí n tó bọ́ aṣọ. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, rò pé ojú ló ń tì mí bí ìyàwó tuntun. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó ká mi mọ́ balùwẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn ń wọlé, tí ẹsẹ̀ méjèèjì dúró síbẹ̀ bí òpó. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ṣé èyí náà lo ń gbé pamọ́ láti ọjọ́ yìí, bí ẹni tó jí i gbé?" Láti ọjọ́ náà lọ, orí ẹsẹ̀ mi ló ti ń sun oorun ọ̀sán. Ó ní irọ̀rí tó ń gbóná fúnra rẹ̀ ni. Ó ń hanrun lé e lórí, itọ́ rẹ̀ á máa dà sí mi lórúnkún. Síbẹ̀ mi ò gbà á gbọ́. Mo ní ọkùnrin tó ń wá nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, kí ló kù tí kò ní sọ? Gáùn tó ń gbálẹ̀ ni mo ń wọ̀ lọ. Ọkọ mi kú tán, mo ń wọ̀ ọ́ lọ.

Ọmọbìnrin tí mo bí kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ rí bíi ti lékeléke. Mo dúpẹ́, mo rò pé ó ti parí. Ó wá bí ọmọbìnrin tirẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì fo ilé kan, ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wẹ ọmọ náà, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó kún ọwọ́ mi bámúbámú, mo sì sọ pé, "Hẹ̀ẹ́. Ìwọ náà." Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá ìyá rẹ̀ bá a sọ. Iṣẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà dàgbà sí. Mo ń rán aṣọ gígùn fún un, mo ń tẹ́ etí yẹ̀rì rẹ̀ sílẹ̀ ní íǹṣì méjì-méjì, mo ń sọ fún un pé ohun tó wà lóde nìyẹn.

Kò ṣáà fara mọ́ ọn. Ọmọ náà máa ń ká ṣòkòtò, ó ń sáré, ó ń gun ògiri. Láti kékeré ló ti ń sọ pé panápaná lòun fẹ́ ṣe. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì dán wọn wò: kí wọ́n sáré, kí wọ́n gun àkàbà, kí wọ́n di ẹnu rọ́bà omi ńlá nì mú nígbà tí omi bá tú jáde nínú rẹ̀ bí akọ màlúù. Omi náà gbé ọkùnrin méjì ṣubú. Ọmọ mi fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kò mì. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ní kí wọ́n máa pè é ní Dúró-Gbọin. Ó sáré wálé wá sọ fún mi. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi," mo sì ń wò ó bóyá ṣòkòtò tó wọ̀ lọ bò ó lẹ́sẹ̀ dáadáa.

Ó kù kí wọ́n fún wọn ní aṣọ àti bàtà. Búùtù aláwọ ni, ó ga dé abẹ́ orúnkún, ó ní síìpù lẹ́yìn. Wọ́n ní kí kálukú kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kí aránbàtà lè rán an. Ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù wá ní ọ̀sán, ó fa téèpù kúrò lọ́rùn mi, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì tẹ̀ ba. Mo ń fi pínnì mú etí aṣọ oníbàárà kan, pínnì mẹ́fà wà láàárín ètè mi. Mo rí bó ṣe ń bẹ̀rù. Ọmọ tí kò bẹ̀rù iná ń bẹ̀rù téèpù. Ó wé e, ó ka nọ́ńbà, ojú rẹ̀ sì là.

Ó ní, "Ìyá àgbà, mẹ́rìndínlógún péré ni. Gbogbo ìgbà tí mò ń rò pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo mọ̀ pé méjìdínlógún ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Nọ́ńbà yẹn ti fẹ́ jáde kúrò nílé, ó ń lọ bá aránbàtà tó ní rúlà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ. Pínnì wà lẹ́nu mi, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ta á lọ́rẹ. Mo mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó lọ. Mo yọ pínnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gún un mọ́ aṣọ, kò sì sí ohunkóhun tó dí mi lẹ́nu mọ́. Mi ò pè é padà.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pín ẹrù náà, wọ́n sì pe àwọn ẹbí pé kí wọ́n wá wò. Pápá kan ni, ọkọ̀ panápaná pupa mẹ́ta tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi bẹ́ńṣì sí abẹ́ páànù fún àwa àgbà. Obìnrin kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé jókòó tì mí. Ọmọkùnrin tirẹ̀ náà wà lórí ìlà. A ti jọ ń ṣeré, a ti jọ ń bú oòrùn. Wọ́n pe àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, kálukú ń jókòó lórí àga kan níwájú gbogbo èèyàn, ó ń wọ búùtù, ó ń dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ó kan ọmọ mi. Ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fa síìpù. Síìpù gùn díẹ̀, ó dúró. Ó tún fà á. Ọ̀gá tó ń pín ẹrù tẹ̀ ba, ó bá a fà á, ọ̀gá kejì náà dá sí i. Àgbàlagbà ọkùnrin méjì tẹ̀ ba nídìí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan, wọ́n ń làágùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ní kí wọ́n kúkú lọ gbé àgbá méjì wá fún un. Pápá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bi í ta ló wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó ní téèpù ìyá òun àgbà lòun fi wọ̀n ọ́n, aránṣọ ni, téèpù rẹ̀ kì í ṣì. Ọ̀gá náà kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó rọra sọ fún un pé bí téèpù kò bá ṣì, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló wú. Pé òfin ni, ẹni tí bàtà rẹ̀ ò bá padé kò lè wọ inú iná. Ó fún un di ọjọ́ Mọ́ńdè. Tí síìpù ò bá dé òkè lọ́jọ́ náà, ẹni tó kàn lórí ìwé ni wọ́n máa pè.

Ẹ̀rín náà ò tíì tán lábẹ́ páànù. Obìnrin onígèlè ewé fi ìgbúnwọ́ gún mi, ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀, ẹ̀yin èèyàn. Ọmọ ta nìyẹn?"

Mo sì rẹ́rìn-ín. Mo fa gáùn mi wálẹ̀ bo bàtà, mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe máa ń rín in níbi eré ilé ìwé, kí wọ́n má bàa wo ìsàlẹ̀ tèmi. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí mo yíjú, ọmọ náà ti dúró lẹ́yìn bẹ́ńṣì wa, ó gbé búùtù méjèèjì mọ́ àyà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Ìyá àgbà." Obìnrin náà wò mí, ó wò ó, ó wò mí padà. Títí a fi délé ni mo ń sọ fún ara mi pé ariwo pọ̀ níbẹ̀, pé kò lè gbọ́.

Kò jẹun ní ọjọ́ náà. Ó wọ yàrá, ó fi bándéèjì wé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún, ó fún un pinpin bí ẹni di ẹrù, ó sì gbé wọn lé ògiri kí wíwú náà lè sọ̀. Wíwú wo? Mo gbé tíì lọ fún un. Mo rí àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti ń ṣú. Mo ní kó tú u díẹ̀. Ó ní rárá, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Mo dúró pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Ẹ bú mi tó bá wù yín. Mo ti bú ara mi ṣáájú yín.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì, ó tú bándéèjì, ó sì wá mú téèpù. Ó wọn ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rìndínlógún. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ronú, lójijì ó dìde. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò wú rárá. Bó ṣe wà ló wà. Aránbàtà yẹn ló rán an kéré, òun sì máa lọ bá a báyìí, téèpù yìí ni ẹlẹ́rìí òun. Ó wọ bàtà, ó kó búùtù àti téèpù dání, ó jáde. Kí n tó rí sálúbàtà mi, ó ti dé ìkòríta. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ tèmi kì í sáré, ṣùgbọ́n mo sáré lọ́jọ́ yẹn. Mo ká gáùn sókè lọ́wọ́ méjèèjì, mo ń lọ gbì-gbì-gbì lójú títì. Bí àjànàkú bá ń kọjá, èèyàn kì í ní òun rí nǹkan fìrí; gbogbo àdúgbò ló rí mi.

Bàbá Aláwọ ni wọ́n ń pe aránbàtà náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há, ó kún fún òórùn gọ́ọ̀mù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kókó lójú pọ̀ lára ògiri bí irun. Ọmọ mi ti gbé búùtù lé orí tábìlì rẹ̀ kí n tó wọlé. Ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ o. Ó ní mẹ́rìndínlógún lòun kọ, Bàbá sì rán an kéré, òun fẹ́ pàdánù iṣẹ́ òun nítorí rẹ̀. Bàbá ní mẹ́rìndínlógún náà lòun rán. Ọmọ mi ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yọ téèpù jáde. Ó ní téèpù ìyá òun àgbà nìyí, ó ju ọjọ́ orí òun lọ, kò sí obìnrin kan láàrín ìlú tó lè sọ pé ó ṣì í wọ̀n rí.

Bàbá Aláwọ gba téèpù náà. Ó fi àtàǹpàkò pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń ṣe tí a bá ń gbọ́ ohun tí aṣọ tàbí awọ ń sọ. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó na ọwọ́ kejì sí rúlà onírin rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè wò mí ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ṣé kí n gbé e lé rúlà?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi tiẹ̀ ti lé lógún ọdún, ó ti dàgbà ju ọmọ náà lọ. Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Èmi ni mo fà á."

Ọmọ mi yíjú sí mi. Ó bi mí pé fà á bíi ti báwo. Mo sọ fún un: omi gbígbóná, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn ẹlòmíràn fún. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo wọn ẹsẹ̀ mi, ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ nígbà tí mo pe nọ́ńbà."

"Mo gbọ́."

"Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀. Pínnì wà lẹ́nu mi."

"Pínnì," ó ní. Kò pariwo. Ó wù mí kó tiẹ̀ pariwo. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí àmì bándéèjì ṣì wà, ó ní, "Mo di ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, ẹ gbé tíì wá fún mi."

Kò sí ohun tí mo lè fi bo ìyẹn. Gáùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò sí.

Bàbá Aláwọ ló gbà wá. Ó fa okùn kan yọ lára ògiri, ó ní òun kì í fi nọ́ńbà ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Okùn ò mọ ìwé, kò lè purọ́. Ó ní kí ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ó wé okùn mọ́ ọn, ó ta kókó, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn ojúgun pẹ́pẹ́ bí ẹni ń yẹ igi wò kó tó rà á. Mo ń retí kó sọ nǹkan. Ó kàn sọ pé, "Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀. Awọ ló kéré."

Ó lè la ẹ̀yìn búùtù náà, kó fi ẹ̀là awọ sí ẹ̀gbẹ́ síìpù méjèèjì. Ṣùgbọ́n búùtù mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde kí Mọ́ńdè tó dé. Òun á gé awọ, òun á lu ihò rẹ̀. Ẹni tó máa rán an ni kò sí. Ó wò mí. Ọmọ náà ò wò mí. Mo kó búùtù náà mọ́ra, pẹ̀lú awọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tí wọ́n fi ìda pa. Ọmọ náà gbé okùn tó ní kókó sápò. Nígbà tí a délé, ó fi téèpù mi di bándéèjì pọ̀ bí ẹni di ìdì igi, ó sì sọ ọ́ sínú agolo ìdọ̀tí. Mi ò sọ pé "téèpù mi". Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Rírán awọ kì í ṣe rírán aṣọ. Ọwọ́ mi tó ń pọ́n ara rẹ̀ lé láti ogójì ọdún di ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò, ó gún mi ní ìka ìlábẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo ń rán an lọ. Lọ́sàn-án Sátidé, ọmọ náà jáde lọ sáré, ó fi okùn náà sílẹ̀ lórí tábìlì kí n lè máa yẹ iṣẹ́ mi wò. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo ká gáùn sókè, mo gbé ẹsẹ̀ mi lé àpótí lójú fèrèsé, mo wé okùn náà mọ́ ọn. Kókó kò pàdé, tèmi ti ju tirẹ̀ lọ. Ó ku ìka méjì. Mo tún fún un dáadáa, mo mú èémí dání bí ẹni pé inú ẹsẹ̀ ni èèyàn fi ń mí. Ó ṣì ku ìka méjì.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò wọ́n. Ó pẹ́ tí mo ti wò wọ́n báyìí, àfi kí n fi ọṣẹ pa wọ́n kí n sì yára nù wọ́n. Wọ́n ti darúgbó. Iṣan aláwọ̀ ojú ọ̀run ti ń rìn lára wọn, àpá kan wà níbi tí áyọ́ọ̀nù ti jó mi nígbà oyún. Orí èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni ọkọ mi ti máa ń sùn. Orí wọn ni mo gbé gbogbo ẹrù mi lé, oyún, òkú, maṣíìnì tí mo gbé gun àtẹ̀gùn, wọn ò sì da mí nù lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo ń sẹ́ wọn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, ẹ̀rín kọ̀, kò wá. Ẹnu mi tún ń sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀: mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí níwájú ẹsẹ̀ ara mi.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, mo gé òwú ìkẹyìn. Ọmọ náà jókòó sí àga oníbàárà, ó ti ẹsẹ̀ bọ búùtù. Mo kúnlẹ̀ nílẹ̀ láti bá a fa síìpù, nítorí ọwọ́ tó bà á jẹ́ ló yẹ kó pa á dé. Síìpù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó dé ibi tó ti dúró lọ́jọ́ náà ní pápá, ó sì kọjá níbẹ̀ wọ̀ọ̀, ó gòkè lọ títí dé abẹ́ orúnkún. Mo fa èkejì. Òun náà gòkè.

Ó dìde. Ó rìn lọ síbi dígí, ó rìn padà, pákó ilẹ̀ ń dún lábẹ́ rẹ̀, sìsọ́ọ̀sì mi ń jó lórí tábìlì. Awọ náà dì mọ́ ọn, kò fún un, ẹsẹ̀ náà sì tóbi bó ṣe tóbi, ó dúró nínú búùtù bí ẹni tó wà nílé rẹ̀. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí pẹ́. Mo wá ń wá ohun tí mo máa sọ, ẹnu mi sì sáré lọ síbi tó mọ̀. Mo ní kí gbogbo èèyàn di nǹkan mú o, Ẹlẹ́sẹ̀ Odó fẹ́ balẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní wọ́n tún pe àwọn ẹbí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, ní pápá kan náà, abẹ́ páànù kan náà. Mo ní màá wá, mo ti ń ro gáùn tí màá wọ̀. Mo ṣì wà lórí eékún mi nílẹ̀, ọwọ́ mi wà lórí búùtù, mi ò sì tíì rí ibi tí mo máa dì mú dìde. Ó bojú wolẹ̀ wò mí, ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tó kàn ń béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀.

Ó ní, "Ìyá onígèlè ewé tó jókòó tì yín lọ́jọ́ yẹn máa wà níbẹ̀. Tó bá tún bi yín pé ọmọ ta ni mí, kí lẹ máa sọ?"